Bí Mo Ṣe Yọ Páwà Kúrò Lára Sítíárìn Civic Mi

Ọkọ̀ mi ń tọ̀ sílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ibi yòówù kí n páàkì sí, kí n tó padà dé, ọ́ìlì pupa á ti ya àwòrán sórí sìmẹ́ńtì lábẹ́ táyà iwájú. Àbàwọ́n tó wà níwájú ilé tí mo ń gbé ní Karu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá, ló tóbi jù, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń sùn.

Honda Civic 1994 ni, ẹ́ńjìnì 1.5, gíà ọlọ́wọ́. Honda ní ọ́ìlì ọ̀tọ̀ tí wọ́n ṣe fún páwà sítíárìn wọn, ìyẹn sítíárìn tí ọ́ìlì ń bá awakọ̀ yí, ṣùgbọ́n ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì ni wọ́n ń dà sí tèmi látọjọ́ tó ti pẹ́, nítorí kò sí ìsọ̀ tí wọn kì í ti í rí i. N kò lè di ẹ̀bi ọ̀hún ru mẹ́káníìkì nìkan, èmi náà ni mo ń sanwó rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, síìlì inú ráàkì (irin gbọọrọ tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì) jẹ, pọ́ǹpù ọ́ìlì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, pàápàá tí mo bá fẹ́ yí ọwọ́ ní oríta A.Y.A.

Mo wá ráàkì tòkunbọ̀ lọ sí Zuba. Wọ́n gbé méjì síwájú mi, wọ́n ti fi bẹntiróòlù fọ̀ wọ́n, wọ́n ń dán. Mo ká rọ́bà tó bo ẹ̀gbẹ́ wọn sẹ́yìn, ọ́ìlì sì dà sí mi lọ́wọ́ láti inú méjèèjì. Ẹ má wo dídán ráàkì rà á o, inú rọ́bà yẹn ni àṣírí wà. Kí ni mo fẹ́ fi wàhálà ẹlòmíì ṣe nígbà tí tèmi ò tíì tán? Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní mánúà ráàkì, torí pé lára àwọn Civic ìgbà yẹn, àwọn kan wà tí wọn kò ní páwà láti ilé iṣẹ́. Ọmọkùnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí ẹ́ńjìnì tó wà nílẹ̀.

Peugeot 504 bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Àìmọye ìgbà ló fi í lọ láti Ìlọrin sí Kaduna, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot lọ́dún 1975, kò sì sí páwà lára sítíárìn rẹ̀. Apá bàbá mi ò já. Mo bá lọ bá mẹ́káníìkì mi ní Kugbo, ọmọ Ìlọrin bíi tèmi, Alfa ni gbogbo wa ń pè é. Mo ní, “Alfa, ẹ bá mi sọ ọ́ di mánúà.” Ó ní, “Ọ̀gá mi, ìyẹn ò le. Ẹ jẹ́ ká já bẹ́líìtì rẹ̀ dànù.”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Bẹ́líìtì tí a bá já, pọ́ǹpù nìkan ló pa. Kò sọ ráàkì di mánúà.

Lára Civic tèmi, bẹ́líìtì pọ́ǹpù dá dúró, kò bá ti ọ́tánétọ̀ (tó ń fi iná sí bátìrì) tàbí ti ẹ́sì (A/C) pọ̀, nítorí náà kò sí nǹkan mìíràn tó kú. Ẹ wo tiyín dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn náà ló jẹ́ bẹ́líìtì gbọọrọ kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo rẹ̀, títí kan wọ́tà pọ́ǹpù. Tí ẹ bá já ìyẹn, ẹ́ńjìnì á hó kí ẹ tó dé Nyanya.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wa ọkọ̀ náà láìsí bẹ́líìtì. Lójú títì, kò burú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo fẹ́ páàkì ní ọjà Wuse, láàárín ọkọ̀ méjì tó fún mọ́ra, ṣe ló dà bí ẹni tó ń gún iyán ọdún nìkan. Ohun tó fà á rèé. Ráàkì páwà ní písítìn lára, ní àárín ọ̀pá rẹ̀, wọ́n sì fi òrùka síìlì yí i ká kí ọ́ìlì má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ló ń ti písítìn. Tí pọ́ǹpù bá kú, apá ẹni ló máa ti písítìn, písítìn á wá máa ti ọ́ìlì gba ojú ihò tóótòòtó inú fáàfù, ẹnu ọ̀nà tó ń pín ọ́ìlì sọ́tùn-ún sósì. Táyà nìkan kọ́ lò ń yí, ò ń fọwọ́ pọn ọ́ìlì pẹ̀lú.

A tún gbìyànjú èkejì. Alfa yọ pọ́ǹpù kúrò pátápátá, ó fi họ́ọ̀sì kan ṣoṣo so ojú ibi tí ọ́ìlì ń gbà wọ ráàkì àti ibi tó ń gbà jáde pọ̀. Ó fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dẹ́rù bà mí lójú ọ̀nà Keffi: mo lè yí sítíárìn díẹ̀ sápá ọ̀tún, díẹ̀ sápá òsì, kí táyà má tíì mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ́ bí ráàkì ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Láàárín ọ̀pá tó ti ọ̀dọ̀ awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ àti eyín tó ń yí ráàkì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n dìídì ṣe kó lè lọ́ díẹ̀. Bí ó ṣe ń lọ́ yẹn ló ń ṣí fáàfù, tí fáàfù fi ń mọ apá tí awakọ̀ fẹ́ kọrí sí. Níwọ̀n ìgbà tí ọ́ìlì bá wà lẹ́nu iṣẹ́, o ò ní mọ̀ pé irin náà ń lọ́. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ọ́ìlì mọ́, lílọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ. Sítíárìn kò ní já o, torí wọ́n ṣe ibi tó máa gún dé tí kò ní lè lọ́ mọ́. Àmọ́ ìlọ́ra yẹn kò bójú mu fún ọkọ̀ tí mo fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé.

Mo ní kí Alfa sọ ráàkì kalẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá mi, ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn?” Mo ní mo mọ̀. Mi ò mọ̀.

Kí a tó tú ohunkóhun, mo tọ́ táyà gún, mo yọ kọ́kọ́rọ́ kí sítíárìn lè tì, mo sì tún fi bẹ́líìtì ìjókòó dè é mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ yìí ní báàgì afẹ́fẹ́ lójú sítíárìn. Tí sítíárìn bá lọ ń yí kiri fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti tú u kúrò lára ráàkì, wáyà tó ká lọ́kọ̀ọ́lọ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀ lè já. Ọmọ Gbàgyí kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Alfa, tó ń sọ Yorùbá Ìlọrin jù mí lọ, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí táí rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ táyà) kọ̀ọ̀kan wà, ó sì ka iye ìgbà tó yí kó tó jáde. Páìpù sàléńsà iwájú àti ọ̀pá gíà ní láti kúrò lọ́nà kí ráàkì tó lè rí ẹ̀gbẹ́ yọ. Mo lo gbogbo ọjọ́ kìíní lábẹ́ ọkọ̀, èérí ọ́ìlì ń kán sí mi nírùngbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì, a tú fáàfù, a fa ọ̀pá inú ráàkì jáde, Alfa sì fi abẹ gé òrùka síìlì kúrò lára písítìn. Bó ṣe gé e ni ọ̀pá náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò gẹrẹrẹ. Ṣé ẹ rí i? Òrùka pẹ́lẹ́ńbẹ́ yìí ni mo ti ń bá jà láti oṣù kan sẹ́yìn. A fi kẹrosíìnì fọ inú rẹ̀ mọ́, a fi gíríìsì kún eyín àti ọ̀pá, a sì fi bóòtì kéékèèké dí àwọn ojú ihò ọ́ìlì, torí eruku ọyẹ́ Àbújá kì í bèèrè kó tó wọlé.

Ó wá ku irin tó ń lọ́. Ibẹ̀ la ti ṣe àríyànjiyàn. Alfa fẹ́ gbé e fún wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń jó géètì. Mo kọ̀ jálẹ̀. Iná yẹn pọ̀ jù fún irin sítíárìn, ojú tó bá sì fò lè gba ẹ̀mí èèyàn. A wá ẹni tó ń lo ágọ́ọ̀nù, wẹ́dà tí gáàsì ń dáàbò bo ojú iṣẹ́ rẹ̀, ó jó ọ̀pá òkè àti eyín ìsàlẹ̀ pọ̀ ní ojú mẹ́ta, ó ń dúró kó tutù láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà mo gbé e sẹ́nu fáísì, mo ki páìpù gígùn bọ̀ ọ́, mo sì fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Kò yẹ̀. Tí n kò bá rí ẹni tó mọ iṣẹ́ ágọ́ọ̀nù dénú ni, ǹ bá fara mọ́ ìlọ́ra yẹn jù kí n jẹ́ kí onígéètì jó o fún mi.

Nọ́ọ̀tì tó ń ti ráàkì mọ́ eyín tún dá wa dúró. Tó bá le jù, sítíárìn kì í padà fúnra rẹ̀. Tó bá dẹ̀ jù, á máa dún gbọ̀ngbọ̀n nínú kòtò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la tún un ṣe.

Ẹni tó ń ṣe aláìmẹ́ńtì, ìyẹn títọ́ táyà gún, Hausa ni, di sítíárìn mú, ó ní “Kai! Wannan yana da nauyi!” (Èyí mà wúwo o!) Mo sọ fún un pé ó ti fúyẹ́ náà nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ kí táyà iwájú wo ọ̀kánkán gan-an, kí wọ́n má kọjú síra. Mo fi afẹ́fẹ́ kún wọn láti 30 sí 34 PSI, n kò sì fi táyà fẹ̀ǹfẹ̀ paarọ̀ táyà 175 (mìlímítà ni fífẹ̀ rẹ̀) tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Inú ọgbà ìsọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ wà á yí ká fún bíi wákàtí kan kí n tó gbé e bọ́ sí títì.

Báwo ló ṣe rí báyìí? Tí ọkọ̀ bá ti yí gbirigbiri bí ẹsẹ̀ méjì síwájú, ìka mẹ́ta tó láti yí i. Tó bá dúró gbọin, ó ṣì ń bèèrè èjìká, torí eyín ráàkì páwà yára ju ti mánúà láti ilé iṣẹ́ lọ: ó yí kéré, ó sì wúwo jù. Lójú ọ̀nà Kubwa, mo ń gbọ́ ohun tí táyà ń sọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàwó mi wà á lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, “Dádì Tòmíwá, ẹ máa wa ẹrù yín, màá wọ bọ́ọ̀sì.” N kò bá a jiyàn. Tí mo bá ní Camry tàbí jíìpù, n kò ní dán irú èyí wò, torí iwájú wọn wúwo ju apá mi lọ.

Kò tún tọ̀ sílẹ̀ mọ́. Àbàwọ́n pupa tó wà lórí sìmẹ́ńtì níwájú ilé ṣì wà níbẹ̀ ṣá, onílé sì ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n wá fọ̀ ọ́.