Bí Mo Ṣe Fi Bírò àti Ìwé Yan Bàálù Kékeré Tí A Máa Fọwọ́ Ara Wa Kọ́

Ọ̀rẹ́ mi kan àti èmi pinnu pé a máa fọwọ́ ara wa kọ́ bàálù kékeré oníjòkòó méjì. Kíìtì la fẹ́ lò, ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ á ti gé páànù rẹ̀, wọ́n á ti lu ihò sí i, àwa á sì máa tò ó pọ̀ títí yóò fi di bàálù. Èmi ni iṣẹ́ yíyan já lé lọ́wọ́. Ìwé àwọn tó ń ta kíìtì sábà máa ń fi eré ṣáájú: tibí ń sá tó báyìí, tọ̀hún sá jù ú lọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ eré sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun mẹ́ta ni mo ń wá nínú ìwé kọ̀ọ̀kan: ìwọ̀n bàálù nígbà tó ṣófo, ìwọ̀n tó pọ̀ jù tó lè fi gbéra, àti ìbú òun òró apá rẹ̀. Mo gbà gbọ́ pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ìwà bàálù kékeré ti ń jáde.

Kí n tó ṣírò ohunkóhun, mo kọ́kọ́ sọ gbogbo òǹkà di irú kan náà. Pọ́n-ùn àti ẹsẹ̀ bàtà làwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn nǹkan, wọ́n á sì fi máìlì tàbí nọ́ọ̀tì sọ eré. Kílò àti mítà làwọn ará Faransé ń lò. Pọ́n-ùn kan jẹ́ kílò 0.4536, nọ́ọ̀tì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.852 ní wákàtí kan. Gálọ́ọ̀nù ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.546. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lè gbéra pẹ̀lú èrò pé epo tí kò sí nínú táǹkì wà níbẹ̀.

Bàálù mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Zenith CH 701, iṣẹ́ ọwọ́ Chris Heintz: kílò 263 ní òfìfo, kílò 500 láti gbéra, apá rẹ̀ tó 11.3 m², ẹ́ńjìnnì Rotax 912 tó ní agbára ẹṣin 80 ló ń fà á. Èkejì ni RV-12 ti Van's Aircraft: bíi kílò 340 ní òfìfo, kílò 600 láti gbéra, apá 11.8 m², Rotax 912 ULS alágbára ẹṣin 100. Ẹ̀kẹta ni Cri-Cri tí Michel Colomban ṣe ní ilẹ̀ Faransé, tó kọ́kọ́ fò ní 1973. Kílò 78 péré ni Cri-Cri ní òfìfo, kílò 170 láti gbéra, apá rẹ̀ kò ju 3.1 m² lọ, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì méjì ló wà nímú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára ẹṣin 15. Ẹnì kan ṣoṣo ni Cri-Cri ń gbé, nítorí náà kò lè jẹ́ tiwa. Mo fi í sínú ìwé nítorí ohun tó ń kọ́ni nípa ọ̀rọ̀ ìwúwo.

Ìlà kẹrin tí mo fà kì í ṣe bàálù, òfin ni. Òfin ultralight, ìyẹn bàálù tó fúyẹ́ gan-an, ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Part 103, bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Ó ní kí bàálù náà má gbà ju ẹnì kan lọ, kí ìwọ̀n rẹ̀ ní òfìfo má tó pọ́n-ùn 254, ìyẹn bíi kílò 115, kí epo rẹ̀ má ju gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà márùn-ún lọ, kí eré rẹ̀ má ju nọ́ọ̀tì 55 lọ, kí stall rẹ̀ má sì ju nọ́ọ̀tì 24 lọ. Stall ni ìgbà tí bàálù ti falẹ̀ débi pé apá kò lè gbé e mọ́. Bí eré tí ìyẹn fi ń ṣẹlẹ̀ bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni bàálù ṣe lè rọra balẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìjàǹbá ṣe lè mọ níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè.

Ẹ wá wo Cri-Cri lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin yìí. Ní òfìfo, ó fi ohun tó lé ní kílò 35 fúyẹ́ ju ibi tí òfin pààlà sí. Ẹni tó bá ń wo ìwúwo nìkan á sọ pé ultralight gidi lèyí. Ṣùgbọ́n stall rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 72 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi nọ́ọ̀tì 39, ó sì lè sá tó kìlómítà 220. Kò sí bí Part 103 ṣe máa gbà á wọlé. Apá rẹ̀ ló fà á. Bí mo ṣe pín kílò 170 sórí 3.1 m², nǹkan bíi kílò 55 ló bọ́ sórí m² kọ̀ọ̀kan. Ti RV-12 jẹ́ bíi 51, ti CH 701 jẹ́ 44. Bàálù tó fúyẹ́ jù lọ nínú ìwé mi lẹrù apá rẹ̀ wúwo jù lọ! Láti ibẹ̀ ni mo ti dẹ́kun pípe bàálù kankan ní fífúyẹ́ láì tíì pín ìwúwo rẹ̀ sórí apá.

Mo tún fẹ́ mọ irú apá tí òfin ultralight ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ pa á mọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú ìdajì ìwúwo afẹ́fẹ́, tó jẹ́ kílò 1.225 nínú m³ kan nítòsí òkun, ẹ fi eré sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún fi ìbú òun òró apá àti nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní CL sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni agbára tí apá fi ń gbé bàálù sókè, ní newton. Kílò kan sì jẹ́ newton 9.81. CL ló ń sọ bí apá ṣe mọ iṣẹ́ tó. Apá tí kò ní ohun àrà kankan lára máa ń ní bíi 1.6 kó tó stall.

Mo mú bàálù kílò 115, mo fi ènìyàn kílò 85 jókòó sínú rẹ̀, mo da epo lítà 19 sí i. Lítà bẹntiróòlù kan wọn bíi kílò 0.72, nítorí náà epo yẹn tó bíi kílò 14, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 214. Nọ́ọ̀tì 24 jẹ́ mítà 12.35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní eré yẹn, m² kan kò lè gbé ju bíi kílò 15 lọ, nítorí náà apá rẹ̀ ní láti tó 14 m². Apá CH 701, tó ń gbéra pẹ̀lú kílò 500, kò tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ultralight fi ní apá gbàràmù-gbaramu tí wọ́n fi aṣọ bò lórí páìpù alumíníọ̀mù: òfin fẹ́ kí apá tóbi, òfin kan náà fẹ́ kí ó fúyẹ́, aṣọ ló sì lè ṣe méjèèjì.

CH 701 gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n de abala apá tóóró kan mọ́ iwájú apá gan-an, ó wà níbẹ̀ títí láé, afẹ́fẹ́ sì ń gba àlàfo àárín wọn kọjá sórí apá, kò jẹ́ kí èyí tó ń ṣàn lókè tètè já kúrò lára rẹ̀. Pẹ̀lú èyí àti abala ẹ̀yìn apá tó ń sọ̀ kalẹ̀, ilé iṣẹ́ sọ pé CL rẹ̀ dé 3.1. Ìwé rẹ̀ sọ pé stall rẹ̀ jẹ́ máìlì 30, ìyẹn kìlómítà 48. Mo fi ìṣirò dán an wò. Pẹ̀lú kílò 500 àti CL 3.1, kìlómítà 54 ló jáde. Mo wá yí ìbéèrè padà: kílò mélòó ni apá yìí lè gbé ní kìlómítà 48? Ó jẹ́ bíi 394. Bàálù òfìfo, ènìyàn kan kílò 85, àti epo bíi lítà 64 nìyẹn. Nítorí náà, bí ènìyàn kan bá wà nínú rẹ̀, mo gba kìlómítà 48 gbọ́. Bí a bá jẹ́ méjì, 54 ni mo máa fi sọ́kàn. Mo gba gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra kíìtì níyànjú pé kí ó ṣe ìṣirò yìí, nítorí òǹkà stall tí a kò so mọ́ ìwọ̀n kan pàtó kò tíì pé.

Ibi tó gbà mí lákòókò jù ni ọ̀rọ̀ ẹrù. Ní ti CH 701, kílò 500 dín 263 ṣẹ́ku 237. Ènìyàn méjì kó 170, ó ku 67. Táǹkì rẹ̀ ń gba gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 20, ìyẹn lítà 76, tó wọn bíi kílò 55. Kílò 12 ló ṣẹ́ kù fún àpò. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n bàálù táwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn kọ́ sábà máa ń wúwo ju ti inú ìwé lọ, nítorí ọ̀dà, aṣọ ìjókòó, rédíò àti wáyà ń gorí ara wọn díẹ̀díẹ̀. Mo fi ìdá mẹ́wàá kún ìwọ̀n òfìfo kọ̀ọ̀kan. CH 701 di kílò 289. Lẹ́yìn ènìyàn méjì, kílò 41 ló ṣẹ́ kù, epo lítà 57 nìyẹn, kò sì sí àpò. RV-12 di 374. Ó ku 56, tí táǹkì kíkún ti lítà 76 sì bọ́ sínú rẹ̀ tán. Nínú ẹrù gbígbé, RV-12 ló borí.

Ìṣirò kan náà ló jẹ́ kí n yẹra fún àwọn oníjòkòó méjì tí wọ́n ṣe fún òfin àtijọ́ ti Yúróòpù, tó fi kílò 450 pààlà, tàbí 472.5 bí páráṣúùtù bá wà lára bàálù. Bàálù tó bá wọn 290 ní òfìfo lábẹ́ 450 ní 160 péré fún ẹrù. Àwa méjì ti ju ìyẹn lọ kí epo tó kan táǹkì. Láti 2018 ni òfin Yúróòpù ti fàyè gba àwọn orílẹ̀-èdè láti gbé e dé 600, mo sì rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ti agbára ẹ́ńjìnnì kò pẹ́: kílò tí agbára ẹṣin kan ń fà jẹ́ 6.25 nínú CH 701, 6 nínú RV-12, bíi 5.7 nínú Cri-Cri. Wọn kò jìnnà síra. Àwọn kan máa ń fi ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù wo àìsàn bàálù tó wúwo jù, bẹ́ẹ̀ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́; ẹ́ńjìnnì náà wúwo, epo tó ń mu náà wúwo. Ohun tó ká mi lára ni wákàtí tí ẹ́ńjìnnì lè ṣe kí wọ́n tó tú u palẹ̀. Rotax 582, tó ń mu epo àti òróró pọ̀, wákàtí 300 ni tirẹ̀. Ti 912 tòde òní jẹ́ 2,000. Ìyẹn ló jẹ́ kí n dúró lórí 912.

Mo tún wo ibi tí ẹrù ń jókòó sí. Nínú bàálù méjèèjì, èèyàn méjì ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí náà bí ẹnì kejì bá sọ̀ kalẹ̀, ìdọ́gba kò yí padà púpọ̀ bíi ti èyí tí ẹnì kan wà níwájú tí èkejì wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìjókòó ni táǹkì RV-12 wà, bí epo bá ṣe ń tán ni ìwúwo ń sún síwájú. Ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀ èyí dáadáa, kò sì dẹ́rù bà mí.

A yan CH 701. Pápá tí a máa lò kúrú, koríko ló wà níbẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín stall kìlómítà 54 àti nọ́ọ̀tì 45 (bíi kìlómítà 83) tí òfin Amẹ́ríkà ti 2004 gbà fún irú RV-12 sì pọ̀ gan-an ní irú ibẹ̀, nítorí bí eré ìbalẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì ní láti pa á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì yìí ń mu bíi lítà 15 ní wákàtí kan. Lítà 57 tó ṣẹ́ kù fún wa yóò gbé wa fò fún wákàtí mẹ́ta, lítà 12 á sì kù fún pàjáwìrì. Ìdarí ẹ̀yìn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ra, nítorí Zenith ń ta ìyẹn lọ́tọ̀ fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.