Bọ́ bàtà rẹ: ọjọ́ márùn-ún wa ní àwọn ìlú àtijọ́ Sri Lanka

Ká ní mo mọ̀ ni, ìbọ̀sẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ rà. Mo ra fìlà, mo ra oògùn ẹ̀fọn, mo sì ra bàtà ìrìn kan tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé ọ̀sẹ̀ kan. Bàtà náà bá mi dé Sri Lanka lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì ló ti ń sinmi. Èmi ni mo ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ rìn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ìrìn àjò náà. Wọ́n pé ọgọ́ta ọdún, àwa àbúrò sì dáwó jọ pé kí wọ́n mú ibi tó bá wù wọ́n. Gbogbo wa ti ń retí Jerúsálẹ́mù. Wọ́n ní Sri Lanka ni àwọn ń lọ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, obìnrin ará Sri Lanka kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ òru ló sọ fún wọn nípa igi kan tí wọ́n gbìn kí wọ́n tó bí Jésù, tó ṣì ń ruwé títí dòní. Ọ̀rọ̀ igi yẹn kò kúrò lọ́kàn wọn mọ́. Èmi tí ìsinmi mi pọ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ní kí n tẹ̀ lé wọn.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n mi kí ìyókù tó yé yín. Ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ni wọ́n, Sẹ̀lẹ́ pọ́ńbélé. Bí sùtánà funfun bá ti wọ ọrùn wọn, bàtà di èèwọ̀ nìyẹn.

Ètò ìrìn àjò náà kò le. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti gba ìwé ìwọ̀lú, a sì bá awakọ̀ kan ṣàdéhùn tó tún jẹ́ afinimọ̀nà. Irú wọn pọ̀ níbẹ̀: ẹni tó ń wa mọ́tò náà ló ń ṣàlàyé ìtàn, pẹ̀lú káàdì ìjọba lọ́rùn rẹ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi í bóyá epo wà nínú owó tó dá, àti oúnjẹ rẹ̀, àti ibi tí yóò sùn. Tiwa wà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ló ní yàrá fún àwọn awakọ̀. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni owó ìwọlé sí àwọn ibi ìtàn, ẹ má sì fojú kéré rẹ̀. Sigiriya, àpáta tí ọba kan kọ́ ààfin sí lórí, nìkan lé ní 30 dọ́là fún àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ́ ẹ sí náírà lójú ẹsẹ̀, wọn kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní pápákọ̀ òfurufú, awakọ̀ wa ní ká máa pe òun ní Aiya. Mo bi í pé kí ló túmọ̀ sí, ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó láti òkè délẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n ta ni?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní èmi tí mo kéré sí òun lòun ń bá wí. Ní ti màmá, àbúrò lòun jẹ́, malli ni wọ́n ń pè é, màmá sì ni akka, ẹ̀gbọ́n obìnrin. Àtìgbà náà lọkàn wọn ti balẹ̀. Wọ́n ní ìlú tí wọn kì í ti í pe àgbà lórúkọ gán-an-ran kò lè nini lára. Èmi ni n kò tètè mọ̀nà: bí Aiya bá gbà síni lẹ́nu, yóò mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó kọ̀. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ.

A wakọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́rin kí a tó dé Anuradhapura. Ìlú yìí jẹ́ olú-ìlú fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí ogun Chola láti gúúsù Íńdíà tó fọ́ ọ. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Aiya ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa pẹ̀lú òfin tirẹ̀: ká wọ aṣọ funfun, kó bo èjìká, kó bo orúnkún, ká ṣí fìlà, ká bọ́ bàtà. Ó tún ní ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò kò gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ère Buddha, ẹ̀gbẹ́ ni kó dúró.

Nígbà tí wọ́n yẹ báàgì wa wò tán tí a wọ ọgbà ibi tí igi náà wà, ẹ̀gbọ́n mi dúró sójú kan. Èèyàn ń bọ̀ lọ́tùn-ún lósì, àgbà, aboyún, ọmọ ọwọ́, funfun gbòò ni gbogbo wọn, òdòdó lótùsì lọ́wọ́, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnì kan. Wọn kò pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi:

“Àbúrò, ṣé Sẹ̀lẹ́ ti dé ibí ni?”

Igi náà, Jaya Sri Maha Bodhi, kò tóbi tó bí mo ṣe rò. Orí pèpéle gíga ló wà, ọgbà aláwọ̀ wúrà yí i ká, àwọn ọ̀pá aláwọ̀ wúrà sì ti ẹ̀ka rẹ̀ nídìí bí ìgbà tí arúgbó fara ti ọ̀pá ìtilẹ̀. Sanghamitta, ọmọbìnrin Ashoka ọba Íńdíà, ló mú ẹ̀ka rẹ̀ wá ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, láti ara igi tó wà ní Bodh Gaya ní Íńdíà, èyí tí Buddha jókòó sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ojú inú rẹ̀ là. Nínú gbogbo igi tí èèyàn fọwọ́ gbìn tí a sì mọ ìgbà tí wọ́n gbìn ín, kò sí èyí tó dàgbà tó o. Bí a ṣe jókòó, ewé kan já bọ́. Obìnrin kan tó wà nítòsí wa dìde wàrà, ó ṣà á, ó fi kan iwájú orí, ó sì tẹ́ ẹ sáàárín ìwé àdúrà rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó. Wọ́n jókòó lórí yanrìn yẹn fún bíi wákàtí kan. Mo bi wọ́n bóyá àdúrà ni wọ́n ń gbà.

“Igi ni mò ń wò. Àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

Pípẹ́ tí a pẹ́ níbẹ̀ ló kó bá mi. Oòrùn ti mú nígbà tí a fi máa rìn dé Ruwanwelisaya, òkìtì funfun ràgàjì tí ọba Dutugemunu bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú Kristi. Orí erin ni wọ́n tò yí ògiri rẹ̀ ká, erin lé erin, títí ojú fi rẹni. Ìtàn wọn sọ pé àìsàn dá ọba wó kí iṣẹ́ tó parí, ni àbúrò rẹ̀ bá fi aṣọ funfun bo ibi tó kù, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rí i láti orí ibùsùn kó rò pé ó ti parí, kó sì kú pẹ̀lú ayọ̀. Ibi tí Aiya ti ń sọ èyí ni èmi ti ń tọ. Òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbóná bí agbada àkàrà. Mo gbé ọ̀tún, mo gbé òsì, mo ń jó ijó tí kò nílù. Ọmọdé kan ń fi mí han ìyá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn lọ ní tiwọn bí ẹni ń lọ gba ọrẹ. “Má fi ìka ẹsẹ̀ rìn,” ni wọ́n ń sọ fún mi. “Gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀, kí o sì tètè gbé e. Ibi tí wọ́n bá kùn ní funfun ni kí o máa tẹ̀, dúdú ló ń gba oòrùn sára.” Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ pé ìbọ̀sẹ̀ kò ní èèwọ̀: àwọn òyìnbó tó gbọ́n ti wọ tiwọn wá láti ilé. Mo ra méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, n kò tilẹ̀ ná an.

Lálẹ́, mo bi wọ́n bóyá ọkàn wọn kò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n bọ́ bàtà níbi ẹ̀sìn ẹlòmíràn. Wọ́n ní: “Ilé onílé ni. Bí o bá dé ilé èèyàn tí wọ́n ní kí o bọ́ bàtà kí o tó wọ pálọ̀, ṣé o máa bá wọn jà ni? Mose pàápàá kò ṣawuyewuye.”

Jetavanaramaya, òkìtì ìsìn mìíràn tí a tún yà rí, èmi kò ṣe ju kí n wò ó láti abẹ́ igi lọ. Bíríkì tó wà lára rẹ̀ lé ní 90 mílíọ̀nù, gíga rẹ̀ sì tó mítà 122 nígbà ayé rẹ̀. Píramídì méjì ti Giza nìkan ló ga jù ú lọ. Ẹsẹ̀ mi ló ń ta mí, n kò lè purọ́.

Ní Dambulla, ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, òkè sì ni ihò àpáta márààrún tí wọ́n sọ di tẹ́ńpìlì wà. Aiya ti ra tiwa kí a tó gùn, ṣùgbọ́n a pàdé àwọn tó ti gun òkè dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó gbọ́, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ojú kíkorò. Nínú ihò kejì, omi ń kán láti ara àpáta sínú ìkòkò kan, tó, tó, tó. Ẹ̀gbọ́n mi dúró kà á títí ó fi sú mi.

Sigiriya nìkan ni bàtà mi ti jẹ owó rẹ̀. Wọn kì í bọ́ bàtà níbẹ̀, àfi kí orúnkún yín le: nǹkan bí 1,200 àtẹ̀gùn ló wà láti ìsàlẹ̀ dé òkè àpáta tó dá dúró láàárín igbó bí odi. Ọba Kashyapa ló kọ́ ààfin sórí rẹ̀. Ó pa Dhatusena bàbá rẹ̀, ó gba ìtẹ́ ní 477, ẹ̀rù àbúrò rẹ̀ Moggallana tó sá lọ sí Íńdíà sì gbé e gun orí àpáta. Ọdún méjìdínlógún ló fi gbébẹ̀. Nígbà tí àbúrò kógun dé ní 495, Kashyapa sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀. Wọ́n ní erin rẹ̀ rí àbàtà níwájú, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ọmọ ogun rò pé ọba ti ń sá, ni gbogbo wọn bá túká. Ọba sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn kò ní í gun òkè nítorí ẹni tó pa bàbá rẹ̀. Wọ́n jókòó sínú ọgbà omi nísàlẹ̀ pẹ̀lú thambili, àgbọn pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ń bẹ́ lórí fún mímu. Èmi gùn ún. Lágbedeméjì ni àwòrán àwọn obìnrin wà lára àpáta, wọn kò gbà kí a yà á ní fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn tí wọ́n sì dán títí ó fi ń fi ojú ọba hàn bíi dígí. Àwọn àlejò láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà ti ha ewì sára rẹ̀, ó lé ní 600 tí wọ́n ti kà jáde, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ fún àwọn obìnrin inú àwòrán yẹn. Ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ rèé, ọkùnrin ń lọ wo ibi ìtàn, ó sì ń kọ orúkọ sára ògiri! Níwájú, ère ẹsẹ̀ kìnnìún méjì tó ga ju èèyàn lọ ló ṣọ́ àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká má pariwo nítorí agbọ́n. Mo gbọ́ràn.

Oúnjẹ kò fún wa ní wàhálà rárá. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú àwo kéékèèké bíi mẹ́fà yí i ká, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Àgbọn tí wọ́n rin, tí wọ́n fi ata gbígbẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ gún, pol sambol, ni ẹ̀gbọ́n mi ń bèèrè ní gbogbo ibi tí a bá dé, títí kan òwúrọ̀ kùtù.

Ọjọ́ kẹrin la dé Polonnaruwa, tó gba ipò olú-ìlú lẹ́yìn Anuradhapura. Parakramabahu Kìíní, tó jọba láti 1153 sí 1186, ni wọ́n ń ròyìn jù níbẹ̀. Òun ló ní ẹ̀kán omi òjò kan kò gbọdọ̀ ṣàn lọ sínú òkun láìṣe èèyàn láǹfààní, adágún tó gbẹ́ sì tóbi débi pé mo kọ́kọ́ pè é ní ọ̀sà. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tẹ́ńpìlì kan, Aiya fi òkúta kan hàn wá tó rí bí ìlàjì òṣùpá, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kọ́kọ́ bọ́ sí kí a tó gòkè. Ní Anuradhapura, erin, ẹṣin, kìnnìún àti màlúù ni wọ́n gbẹ́ sára irú rẹ̀. Níbí, màlúù ti pòórá. Àṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ti wọlé dáadáa nígbà náà, màlúù sì jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ fún wọn. Ta ni yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́?

Gal Vihara ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìrìn àjò náà. Àpáta kan ṣoṣo ni, wọ́n gbẹ́ ère mẹ́rin sára rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn dùbúlẹ̀, gígùn rẹ̀ tó mítà 14, irọ̀rí tí orí rẹ̀ wà sì tẹ̀ wọnú díẹ̀, bíi pé òwú ló wà nínú òkúta. Mo ní ó mà sùn dáadáa o. Aiya mi orí, lọ́tẹ̀ yìí rárá ló ń sọ. Ó ní ká lọ sí ìdí ẹsẹ̀. Àwọn ìka ẹsẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba, ẹsẹ̀ òkè fà sẹ́yìn díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oorun ni, ó ní wọn ì bá dọ́gba. Ó ti kú ni.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ síwájú, wọ́n wo ẹsẹ̀ náà pẹ́. “Bẹ́ẹ̀ ni,” ni wọ́n sọ. “Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Ẹni tó gbẹ́ èyí ti tọ́jú aláìsàn rí.”

Kandy la parí rẹ̀ sí, ìlú ọba tó kẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1815. Eyín Buddha ni wọ́n ń tọ́jú nínú tẹ́ńpìlì ibẹ̀, ìtàn wọn sì sọ pé inú irun orí ni Hemamali, ọmọbìnrin ọba kan, fi í pamọ́ sí nígbà tó gbé e wá láti Íńdíà. Ẹ má retí pé ẹ ó rí eyín o. Inú àpótí wúrà tó wọnú ara wọn ló wà. Ìlù ni kí ẹ lọ gbọ́. Nírọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin tó wé funfun mọ́ ìdí bẹ̀rẹ̀ sí lù ú nísàlẹ̀, fèrè kan sì ń ké lórí rẹ̀. Èrò tò lọ sókè láti gba iwájú ilẹ̀kùn kọjá, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni tẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi kò tò. Ìdí àwọn onílù ni wọ́n dúró sí títí wọ́n fi lù ú tán.

Nígbà tí a jáde, ẹni tó ń ṣọ́ bàtà ti to tiwa sílẹ̀. Mo wọ tèmi, mo so okùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fún un lówó, wọ́n kó sálúbàtà wọn mọ́ abíyá, wọ́n sì bọ́ sí títì.

“Àǹtí mi, ẹ ò ní wọ bàtà ni?”

“Ilẹ̀ ti tutù,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì ń lọ.