Kí Ọmọ Tó Di Pẹ́ńsù Mú: Bí Jẹ́léósinmi Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Ọdún 2 sí 4

Ìwé ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá jẹ́léósinmi ń ṣiṣẹ́: ṣé ọmọ ti ń kọ A, B, D? Bẹ́ẹ̀, ẹnu ọmọ àti ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Bí a bá fi tipátipá ki pẹ́ńsù bọ ọwọ́ tí kò tíì lágbára, ìlà rẹ̀ á wọ́, ọwọ́ á máa ro ó, kò sì ní pẹ́ tí ọmọ fi máa kórìíra ìwé.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀

Lọ́jọ́ kìíní, kí òbí bá ọmọ jókòó nínú yàrá fún wákàtí kan, kí wọ́n sì jọ lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, kí òbí jáde fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di wákàtí kan, kó tó di ìdajì ọjọ́. Olùkọ́ kan náà ni kó máa gbà á láràárọ̀, kó máa bọ́ ọ, kó sì máa pààrọ̀ aṣọ rẹ̀.

Kí òbí má ṣe yọ́ lọ o. Ẹkún lè dín kù lọ́jọ́ náà, àmọ́ láti ọjọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ni ọmọ á máa ṣọ́ dípò kó ṣeré. Ó sàn kí òbí sọ ọ́ kedere: "Mò ń lọ. Tí o bá jẹun ọ̀sán tán, màá dé." Kó sì dé lóòótọ́.

Ẹ tún yàrá ṣe

Kí pẹpẹ wà nísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o, kí ohun ìṣeré orí rẹ̀ má ju 6 sí 8 lọ. Bó bá pọ̀ jù, ṣe ni ọmọ á dà gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á sì kọjá lọ. Ẹ gbé ibi ìwé jìnnà sí ibi ègé igi tí ọmọ fi ń kọ́lé ṣeré, nítorí ariwo. Friedrich Fröbel, tó dá irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Jámánì ní 1837, fi ègé igi sí ipò pàtàkì, ó sì tọ̀nà: ọmọ tó to ègé kúkúrú méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gígùn kan, tó rí i pé wọ́n bára dọ́gba, ti fojú ara rẹ̀ rí ìdajì.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí róbótó tó máa ń wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá, ẹ mú un kúrò. Ó lè há a lọ́fun. Bí wọ́n bá ń fi omi ṣeré, kí àgbàlagbà má kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì dà á nù ní kété tí eré bá parí. Omi díẹ̀ ti tó láti pa ọmọ kékeré.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì dúró

Èyí ló gba sùúrù jù lọ, òun náà ló sì ń so èso jù. Kí olùkọ́ jókòó sílẹ̀ kí ojú òun àti ọmọ bára dọ́gba, kó wo ohun tí ọmọ ń wò, kó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kó wá dákẹ́.

Ọmọ: "Mọ́tò."
Olùkọ́: "Bẹ́ẹ̀ ni, mọ́tò pupa ni. Ó ń gun òkè."

Ní báyìí, kí olùkọ́ ka 1 dé 10 nínú ọkàn rẹ̀. Ọmọ ṣì ń wá ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe pé kò gbọ́.

Ọmọ: "Ó ṣubú."
Olùkọ́: "Ó ṣubú lóòótọ́! Kí ló bì í ṣubú?"

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ìbéèrè bí ìdánwò: "Kí nìyí? Àwọ̀ wo ni? Mélòó ni?" Ọmọ á fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn, á sì yíjú sí ibòmíràn. Bó bá jẹ́ èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, kò ní dí èdè kejì lọ́wọ́.

Ìwé ìtàn náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìwé kan náà fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, fún ọmọ 4 sí 6 lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ kà á tán. Láti ọjọ́ kejì, ẹ máa dúró kí ẹ tó ṣí ojú ewé, kí wọ́n sọ ohun tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ le

Ẹ fún ọmọ ní ìyẹ̀fun pípò tó lè máa fi ọwọ́ tẹ̀, kó sì máa fi mọ nǹkan ṣeré. Ẹ po ìyẹ̀fun àlìkámà ife 2, iyọ̀ ife 1, òróró ṣíbí ìjẹun 2, kí ẹ máa da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí dé bí ife 1. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ fi ìyẹ̀fun kún un. Bó bá ń rún, ẹ ta omi díẹ̀ sí i. Ẹ fi sínú ike oníderí, kí ẹ sì dà á nù bó bá ń rùn tàbí tó hu. Kí wọ́n má jẹ ẹ́, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ọmọ tí àlìkámà kì í bá lára mu kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yìn èyí ni yíya bébà, fífi ìka ṣí pẹ́ẹ̀gì aṣọ, àti fífi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán lára ògiri, tó ń mú èjìká àti ọrùn-ọwọ́ lágbára. Fún ọmọ tó ti ju ọdún 3 lọ, ẹ ṣẹ́ kíréyọ̀n sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ. Kò sí ibi tí ìkúùkù máa gbà mú un, ìka ló gbọ́dọ̀ fi dì í mú. Ẹ má gbàgbé eré sísá àti gígun nǹkan: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ó kéré tán, ìṣẹ́jú 180 lójúmọ́ ni kí ọmọ ọdún 3 sí 4 fi máa lo ara rẹ̀, kí 60 nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ.

Kíkà nọ́ńbà

Ọmọ tó lè ka 1 dé 10 lórí lè má tíì mọ iye. Ẹ ní kó fún yín ní ègé igi mẹ́ta. Bó bá bu ẹ̀kúnwọ́, ẹ jẹ́ kó máa pín àwo oúnjẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí

Ẹ má kọ "ó ṣe dáadáa". Ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀: "Ó to igi 6 léra. Ó wó. Ó gbé èyí tó tóbi sísàlẹ̀." Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé igi tó tóbi sí i sí pẹpẹ.

Àkọsílẹ̀ yìí kan náà ló ń fi hàn pé ọmọ tó ti pé ọdún 2 kò tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, pé kì í dáhùn bí a bá pè é lórúkọ, tàbí pé ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ń pòórá. Ẹ sọ fún òbí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí, kí wọ́n sì mú àkọsílẹ̀ náà dání.