Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mi Láti Ka Àwòrán

Kíláàsì àkọ́kọ́ tí mo fi àwòrán Guernica kọ́, èmi ni mo bà á jẹ́. Kí n tó gbé àwòrán náà síwájú wọn ni mo ti sọ gbogbo ìtàn rẹ̀ tán: bí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì àti Ítálì ṣe ju bọ́ǹbù sórí ìlú Guernica ní Sípéènì ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin, 1937, àti bí ayàwòrán Picasso ṣe ya àwòrán náà lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tí mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n dá padà fún mi. "Ogun kò dára." Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ẹṣin tó wà láàárín gbùngbùn. Ó dùn mí. Àwọn ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ. Èmi ni mo fi ìtàn bò wọ́n lójú.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gba ọ̀nà mìíràn. Mo mú àwòrán tí wọ́n ń pè ní Àwọn Tó Ń Jẹ Ọ̀dùnkún, tí Vincent van Gogh yà ní 1885. Mo gé orúkọ àwòrán àti orúkọ ayàwòrán kúrò lára ẹ̀dà tí mo tẹ̀. (Ẹ wo ẹ̀dà yín dáadáa o: àwòrán yìí ṣókùnkùn, íǹkì tí kò dára lè gbé ojú àti ọwọ́ wọn mì.) Ìṣẹ́jú 3 gbáko, wọ́n kàn ń wò ó ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ ohun tí ojú rí nìkan sílẹ̀. Mo fòfin de "ó rẹwà" àti "ó bani nínú jẹ́". Ènìyàn 5, àtùpà kan ṣoṣo lókè tábìlì, obìnrin tó ń da kọfí, ọmọbìnrin tó kẹ́yìn sí wa, ọwọ́ tí egungun rẹ̀ yọ.

Nígbà tó kan ìtumọ̀, ìbéèrè kan ni mò ń tẹnu mọ́: kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ kan ní, "Wọ́n ti jà ni." Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo bi í léèrè. Ó nàka sí ojú wọn: obìnrin apá òsì ń wo ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà kò wò ó padà. Òótọ́ ni. Ẹlòmíràn ta kò ó pé ó rẹ̀ wọ́n ni, pé àwọn méjèèjì ṣáà ń ki fọ́ọ̀kì bọ inú àwo kan náà, ta ló ń bá ẹni tó ń bá jà jẹ nínú àwo kan? Mo kọ méjèèjì sójú pátákó. Ẹnì kẹta ní àlejò ni wọ́n ń retí. Ó wo àwòrán náà títí, kò rí ohun tó máa nàka sí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n pa á rẹ́. Ibẹ̀ ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Mo ní kí wọ́n fi àtàǹpàkò bo ọmọbìnrin tó kẹ́yìn sí wa, kí wọ́n tún ṣí i. Ọ̀kan ní tí kò bá sí níbẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀ fún wa nídìí tábìlì. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ la dúró sí, a ò lè wọlé. Òmíràn ní àwọ̀ ara wọn dà bí ẹni pé erùpẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ ìtàn. Mo sọ fún wọn pé Van Gogh kọ̀wé sí Theo àbúrò rẹ̀ pé ọwọ́ tí wọ́n ń kì bọ inú àwo yẹn náà ni wọ́n fi wa ilẹ̀, àti pé ó wá àwọ̀ ọ̀dùnkún tí a kò tíì bó fún ara wọn. Ọmọ tó sọ̀rọ̀ erùpẹ̀ dìde dúró.

Lẹ́yìn èyí, mo gbé Guernica padà wá. A fi ẹfun sàmì bí àwòrán náà ṣe tóbi tó sí ilẹ̀: gíga mítà 3.49, fífẹ̀ mítà 7.77, wọ́n sì dúró sínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé kò sí ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀, kò sí bọ́ǹbù. Ọmọ tó kọ "ogun kò dára" nígbà àkọ́kọ́ kọ nípa òdòdó kékeré tó wà nítòsí idà tó ṣẹ́, lọ́wọ́ ẹni tó ṣubú. Ó ní ó ní láti tẹrí sílẹ̀ kó tó rí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi àwòrán yẹn kọ́ wọn, mi ò sọ̀rọ̀ òdòdó náà rárá.