Irin iwájú ilé mi ń tẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń nà lóru

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Wẹ́dà bá mi gbé páìpù onígun mẹ́rin, mìlímítà 40 sí 40, tó gùn ní mítà 6, láti òpó kan dé èkejì níwájú ilé mi n'Ìbàdàn, kí n lè ta tapólì bo ọkọ̀. Ó jó orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ àwo irin inú kọnkéré. Láàárọ̀, ó gún régé. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, àárín rẹ̀ á ti yọ ikùn wálẹ̀. Bílẹ̀ bá ṣú, á padà sípò. Òpó kan sì ti ń là lórí. Wẹ́dà ní páìpù ló fẹ́lẹ́, ká ra èyí tó nípọn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó yẹn o. Oòrùn lẹ ń bá jà. Mítà irin kan ń gùn sí i ní mìlímítà 0.012 fún dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan. Tí páìpù yín bá wà ní 25 láàárọ̀, tó dé 60 lọ́sàn-án (irin tí wọ́n kùn ní dúdú kì í pẹ́ débẹ̀), á fẹ́ gùn ní mìlímítà 2 àbọ̀. Ẹ lè ní kí lèyí jẹ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di rúlà ọmọléèwé mú lórí àti nídìí, kí ẹ rọra tì í: ọwọ́ yín ò tíì sún tán tí àárín rẹ̀ ti yọ ikùn. Mìlímítà 2 àbọ̀ yẹn lè mú kí àárín páìpù yín tẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ìwúwo tapólì ló jẹ́ kó kọrí sísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá ń la òpó?

Ìdáhùn: Irin tí kò ráyè gùn á ti ohun tó dì í mú. Ká ní páìpù yín, tó bá nípọn tó mìlímítà 2, ò lè tẹ̀ rárá, á fi agbára tọ́ọ̀nù 2 àbọ̀ ti òpó: ẹ ro àpò sìmẹ́ńtì 50. Títẹ̀ tó ń tẹ̀ yẹn gan-an ló ń dín in kù. Ẹ wá gbé èyí tó nípọn sí i, òpó ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Kẹ́ ẹ má rò pé irin kúkúrú yóò gbà yín o. Tí orí méjèèjì bá ti lẹ̀ pa, kò yọ òpó nínú ewu.

Ìbéèrè: Ká ní ọ̀sán gangan ni wẹ́dà jó o ńkọ́?

Ìdáhùn: Wàhálà mìíràn nìyẹn. Irin tí wọ́n jó nígbà tó gbóná á sún kì ní ìdájí, á máa fa òpó méjèèjì síra wọn. Kọnkéré ń fara da títì, fífà ni kò mọ̀ ọ́n gbà. Ǹ bá ní kó ṣe é ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ fi orí kan sílẹ̀ bó ṣe wà. Kó gé èkejì, kí àyè mìlímítà 10 wà láàárín ẹnu páìpù àti òpó. Kó jó áńgù irin (irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L) mọ́ àwo yẹn, kí páìpù jókòó lé e, kó sì lu ihò bóòtù gbọọrọ, kì í ṣe roboto, kí bóòtù lè rìn síwá sẹ́yìn ní mìlímítà 10 ó kéré tán. Kó fi nọ́ọ̀tì méjì sórí ara wọn, kó má fún un pa. Ẹ kìlọ̀ fún bíríkìlà kó má fi sìmẹ́ńtì dí àyè náà. Mo ti rí èyí tí wọ́n rẹ́ títí tó fi dán, tí gbogbo iṣẹ́ sì padà sí òfo. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí òpó là dé, kí ẹ kọ déètì sí i. Tó bá kọjá àmì lẹ́yìn àtúnṣe, tàbí tí ẹ rí ọ̀pá irin inú rẹ̀, ẹ pe ẹnjiníà.