Àgbàdo Tó Bu, Ògì Tó Ṣàn, Ọmọ Tó Rù
Ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́mọ ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀

Oṣù keje àti ìkẹjọ ni a máa ń ká àgbàdo òjò àkọ́rọ̀ ní Ọdẹ́dá àti Ọbáfẹ́mi-Owódé, òjò kì í sì í tíì dá tán. Àgbàdo tí kò gbẹ dénú tó wọ àpò á bu. Oró tí ń bẹ nínú bíbu náà, tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, kì í kú bí a bá se é tàbí tí a yan án. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọmọ tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ kì í sì í dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹ̀pà náà ń ní in.

Àpáta tí a ń sá láfún sí dára fún àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ tapólì lé e kí ìgbẹ́ ewúrẹ́ má bàa kàn án. Ẹ sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ máa rò ó, ẹ kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bó ti gbẹ, ẹ wá ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí. Ẹ da àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí ìjẹun méjì tàbí mẹ́ta sí i, ẹ dé e, ẹ mì í gidigidi fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún àgbàdo náà sá. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sísàlẹ̀, ẹ kó o sápò, ẹ gbé àpò lé orí pákó, kó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Iyọ̀ tó ti rin kò ní sọ òótọ́, ẹ kọ́kọ́ sá òun náà. Ẹyọ tó bu, ẹ ṣà á dànù. Ẹ má fi fún adìẹ.

Ògì ọmọ

Nígbà tí a bá sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú ohun tó ń kọ́ ara ọmọ bá eèrí lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Bí a bá tún wá pò ó kó ṣàn bí omi, ikùn ọmọ á kún, ebi á sì tún máa pa á.

Ẹ wọn kóńgò àgbàdo mẹ́ta sí kóńgò sóyà kan. Ẹ rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Ẹ se sóyà nínú omi tó ń hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ tó lọ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ má fo sísè yìí: sóyà tútù kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ọmọ, ìgbẹ́ á sì máa yà á. Ògì yìí yára bàjẹ́ ju ògì lásán lọ, ẹ ṣe ìwọ̀nba. Bí ẹ bá po ẹ̀kọ tán, ẹ fi edé lílọ̀ àti epo pupa ṣíbí tíì kan sí i. Kó ki débi pé kò ní ṣàn kúrò lórí ṣíbí.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú nìkan ni: kò sí omi, kò sí àgbo. Láti oṣù mẹ́fà, ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó máa pọ̀ sí i. Bó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ìdajì ife lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, ọmú sì ń bá a lọ títí ọdún méjì.

Bí ìgbẹ́ bá ń ya ọmọ

Eyín tó ń hù kọ́ ló fà á. Ọwọ́ tí a kò fọ̀, ìgò tí a fi ń bọ́ ọmọ, àti omi kànga tó sún mọ́ ṣaláńgá ló sábà máa ń fà á. Ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un: píọ̀ wọ́tà méjì (lítà kan), ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, gbogbo rẹ̀ ní ṣíbí tí a tẹ́ lẹ́nu pẹrẹsẹ. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó léwu. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ dà á nù lẹ́yìn wákàtí 24. Ẹ béèrè oògùn ṣíǹkì (zinc) ní ilé ìwòsàn, kó lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán. Ẹ má dá oúnjẹ àti ọmú dúró.

Bí ojú ọmọ bá jìn, tí kò lè mumi, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tí ẹsẹ̀ méjèèjì wú tàbí tí irun rẹ̀ ń pọ́n, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání.