Irun mi ń re lẹ́yìn ìbímọ, ṣé mo fẹ́ pá ni?

Onídìrí ni mí l'Óṣogbo, mo ti bímọ mẹ́ta, kò sì sọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹyọ lórí àga mi. Èyí táwọn ìyá ìkókó ń bi mí jù nìyí.

Àǹtí, ẹ káàsán mà. Ọmọ mi pé oṣù mẹ́ta àtààbọ̀, tí mo bá ti ya irun báyìí òòyà á kún, ilẹ̀ bálùwẹ̀ á kún, ìyá ọkọ mi ní àfi kí n fá a. Kí ló fà á?

Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ má fá nǹkan kan. Ṣé ẹ rántí bí irun yín ṣe kún nígbà oyún tí gbogbo èèyàn ń yìn yín? Òun náà lẹ̀ ń wò nílẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tírun ẹ̀ kì í re, bíi 50 sí 100 ló ń kúrò lórí èèyàn lójúmọ́ láìfura, ṣùgbọ́n họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní estrogen máa ń pọ̀ lára aláboyún débi pé irun tó yẹ kó lọ ò ní lọ. Tẹ́ ẹ bá bímọ tán họ́mọ́ọ̀nù yẹn máa já wálẹ̀, gbogbo irun tí ò lọ yẹn á wá kó jáde pa pọ̀. Kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ o, ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́rin, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń di ẹ̀bi ru ṣámpú tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, irun ọ̀pọ̀ nínú wa á ti padà sípò.

Ṣé ọmú tí mò ń fún un kọ́?

Rárá. Ẹni tí ò fọ́mọ lọ́mú rárá, tiẹ̀ náà ń re. Ẹ máa fún un lọ́mú jàre.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá re ló ń re àbí já ló ń já?

Ẹ mú ọ̀kan tó bọ́, ẹ wo ìdí ẹ̀. Tí kiní funfun bíńtín bá wà níbẹ̀, re ló re, òmíì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Tí ò bá sí, tí irun ọ̀hún kúrú, já ló já, rílásà tàbí òòyà tàbí àwa onídìrí la ṣe é. Mi ò ní tàn yín, ẹ̀bi wa pọ̀. Ẹni tí iwájú orí ẹ̀ ti ń ṣí á ní ká fi átááṣì bò ó, a ó sì fà á le débi tí ojú ẹ̀ ò ní lè padé, kó tó di ọjọ́ kejì nǹkan wẹ́wẹ́ ti sú sétí irun ẹ̀. Irun tí ìbímọ mú lọ á padà, èyí tá a bá fà fà fà títí ìdí ẹ̀ fi kú lè má padà mọ́. Nílùú Ọ̀ṣun olóòyà iyùn kẹ̀! Ẹ di ṣùkú tó rọ̀, ẹ fi rílásà sílẹ̀ ná. Àwọn irun kéékèèké tó ń dúró ṣánṣán níwájú orí yẹn, ẹ má fi gẹ́ẹ̀lì lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, irun tuntun ni.

Ìyàwó mi ní kí n ra minoxidil, oògùn tí wọ́n ń fi hurun. Ṣé kí n rà á?

Ó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ má rà á láì bi dókítà. Òrí àti àdí á jẹ́ kí irun rọ̀ kó má já, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ re á re. Ẹ fowó yẹn ra ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa gbọ́mọ lóru.

Ìgbà wo ni kí n lọ sọ́sìbítù?

Tí ọdún kan bá kọjá tí ò dín. Tó bá ń pá ní roboto lójú kan, àgàgà tó ń yún un yín tó sì ń ṣí èépá, ìyẹn lè jẹ́ làpálàpá. Tó bá ń rẹ̀ yín ṣáá, tí òòyì ń kọ́ yín, tí àyà yín ń já, ẹ̀jẹ̀ lè má tó tàbí kó jẹ́ thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ inú ọrùn tó ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù, ló níṣòro, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á fi hàn.

Èyí tẹ́nì kan ò bi mí: ọmọ oníbàárà mi kan ké mọ́jú, ìyá àgbà ní inú ló ń run ún, ìgbà tí wọ́n bọ́ sọ́ọ̀sì ẹ̀ láàárọ̀ ni wọ́n rí irun ìyá ẹ̀ tó ti wé mọ́ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀, ìka ọ̀hún ti wú, ó pọ́n kankan. Tọ́mọ bá ń ké tẹ́ ò mọ ìdí, ẹ wo ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ wo okó tó bá jẹ́ ọkùnrin. Tí ẹ ò bá lè tú u kíákíá, ọsibítù ni, lóru náà.